Abọ́ Ló Ń Ṣáájú Abẹ

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù níbi iṣẹ́ bábà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀gá mi ní kí n wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín kí n tó ra ẹrù ṣọ́ọ̀bù." Ó fa ìwé kan yọ lápò. Kílípà méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré, dígí gàgàrà, àga tó ń yí, ìpara, sípíríìtì, páúdà. Gbogbo rẹ̀ ló ti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó wọn. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé, "Abọ́ ọṣẹ rẹ dà?" Ó wò mí, ó wo ìwé náà, ó ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi abọ́ ṣe?"

Ìbéèrè rẹ̀ kò bí mi nínú. Kò rí abọ́ rí níbi tó ti kọ́ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n tètè sùn. Láti ọdún 1971 tí bàbá mi ti mú mi lọ bá ọ̀gá mi, onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Ọjà'ba, ni mo ti ń fi abẹ jẹun. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni irin iṣẹ́ mi, èmi a ní abẹ ni. Ọmọ yìí ló jẹ́ kí n rántí pé abẹ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Abọ́ ni.

Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi po ọṣẹ kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ. Ahá ni a ń pò ó sí, igbá kékeré kan tí ọwọ́ ti mú dán títí tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kànìnkànìn tí a gé kúrú ni a fi ń pò ó, nítorí ọ̀gá mi kò tíì gba ti búrọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Kó tó fi ọṣẹ sí i, á kọ́kọ́ bu omi gbígbóná sínú ahá náà, á fì í yíká, á dà á nù, á ní, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Mo rò pé ó ń fi òwe gba ara rẹ̀ níyànjú lórí ohun mìíràn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ahá gan-an ló ń bá wí: abọ́ tútù máa ń pa ooru ọṣẹ kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí a fẹ́ fá. Lẹ́yìn náà, èmi á pò ó, ọ̀gá mi á sì gbé etí sún mọ́ ọn. Bí àwọn ìfófó ńláńlá bá ṣì ń bẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, á ní, "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Pò ó sí i." Ìgbà tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tó ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ló tó tẹ́wọ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Kò sí idán níbẹ̀. Irun máa ń mu omi. Bí omi gbígbóná bá wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, á wú, á rọ̀, abẹ á sì gé e láì fà á. Ọṣẹ ló ń gé òróró kúrò lára irun kí omi lè ráyè wọlé. Ìfófó ló ń di omi náà mú kí afẹ́fẹ́ má gbẹ ẹ́. Omi ni a ó tẹ̀ kí a tó tẹ iyanrìn. Ẹni tó bá fo omi, tó ní abẹ ni òun fẹ́ tẹ̀ ní tààrà, ara ẹlòmíràn ló fẹ́ fi sanwó ìkánjú rẹ̀.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń yan igbá. Ọjà Ọ̀jẹ́ ni a máa ń lọ. Á ki ọwọ́ bọ inú igbá, á di ìkúùkù, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún. Bí ìkúùkù rẹ̀ bá kan ẹ̀gbẹ́ igbá, á gbé e padà fún ìyá tó ń tà á. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Àwọn èèyàn máa ń pa òwe yẹn láti fi sọ pé ọmọdé àti àgbà nílò ara wọn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n nídìí igbá ọṣẹ, ohun tí ọ̀gá mi ń rí nínú rẹ̀ ni ẹnu kèrègbè. Igbá tí ẹnu rẹ̀ há ń mú kí ọwọ́ oníṣẹ́ há. Bí ọwọ́ bá sì há nídìí ọṣẹ, kì í tètè là nídìí abẹ. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi náà. Èyí tó ń fi ìbínú gún ọṣẹ nínú ago tóóró, bó bá gbé abẹ, èjìká rẹ̀ ṣì ga sókè.

Lẹ́yìn tó bá ti wọn ẹnu igbá tán, á ṣí i wò nínú. Kì í wo ẹwà rárá. Àwọn igbá fífín tí wọ́n ń gbé wá láti Ọ̀yọ́ dùn ún wò, ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn á mọ̀ pé oníṣọ̀nà ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igbá ni wọ́n fín. Inú ni àwa ń bá ṣiṣẹ́. Inú igbá tí wọn kò ha dán jù máa ń ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́. Àwọn ìlà yẹn ni ọṣẹ ń fara ha tó fi ń yára hó. Igbá tó dán bí dígí, ọṣẹ á kàn máa yọ̀ kiri nínú rẹ̀ ni. Bó bá sì délé, á ṣe òṣùká kékeré kan sílẹ̀ fún un kó lè jókòó, nítorí ìdí igbá kì í dúró sójú kan. Mo máa ń ronú nípa òṣùká yẹn. Àgbàlagbà ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún iṣẹ́, tó jókòó tó ń fi aṣọ ká ibùjókòó fún igbá ọṣẹ.

Ìgbà mélòó ni èèyàn máa ń tẹ orí rẹ̀ ba fún ẹlòmíràn láyé? Níwájú ọba, níwájú òbí, níwájú Ọlọ́run, àti níwájú onígbàjámọ̀. Mo ti fá orí àwọn ìjòyè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ìka sí nígboro, tí wọ́n dijú pẹ̀sẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, tí wọ́n na ọ̀fun wọn sí mi. Orí tí Yorùbá gbà pé òun ni ẹni mú wá láti ọ̀run, tí a ń kí, tí a ń bọ, tí a ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, òun náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú ọmọ tálákà kan tó mú irin dání. Kí ni ọmọ tálákà yẹn máa fi hàn pé òun mọ ohun tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́? Kò lè fi abẹ hàn án. Abẹ ló ń bani lẹ́rù. Abọ́ ló máa fi hàn án. Ó gbé e wá níwájú rẹ̀, ó da omi sí i, ó po ọṣẹ lójú rẹ̀, ó ní sùúrù títí ọṣẹ fi dákẹ́. Olórí rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹjọ́ àti ìgbìmọ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yẹn sí, pé a kì í dá ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ó ń bá wa wí nídìí iṣẹ́ wa gan-an: olórí lè jókòó síwájú rẹ kó má sì sí níbẹ̀, bí o kò bá jẹ́ kó rí ohun tí o fẹ́ fi kan orí rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ka abọ́ sí ju ohun tí a ń po ọṣẹ sí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi ṣì bí ẹni tó ń sunkún igbá àtijọ́. Igbá ọ̀gá mi, bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó ní ẹ̀bi tó pọ̀ lọ́rùn.

Ẹyọ kan ni. Ẹyọ ahá kan, kànìnkànìn kan, ọ̀pọ̀ orí lóòjọ́. Ní ọdún kan, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ mẹ́ta láti agbo ilé kan náà ni làpálàpá yọ sí lórí, ọ̀dọ̀ wa sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fárí lọ́sẹ̀ kan náà. Làpálàpá máa ń ràn láti orí kan sí òmíràn nípasẹ̀ ohun tí a jọ ń lò. Ohun tí dókítà èyíkéyìí máa sọ nìyẹn. Nígbà náà mi ò ní dókítà tí mo lè bi, ojú mi nìkan ni mo ní. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní igbá tó fá orí bàbá àwọn ọmọ náà kò lè ṣe wọ́n ní ibi. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe agídí. Ṣùgbọ́n igbá kì í ṣe ohun tí a lè máa sè léraléra. Bí o bá ń sè é bẹ́ẹ̀, ó lè rọ̀, ó lè ya. Bí o bá sì fọ̀ ọ́ títí, omi ọṣẹ tó ti mu láti ọdún pípẹ́ ṣì wà nínú ara rẹ̀, ṣé igbá ń mu omi ni. Mo gbọ́ràn sí ọ̀gá mi lẹ́nu, mo sì ń bá ahá náà lọ títí mo fi gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ṣì ń dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dá dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá abọ́ káàkiri bí ẹni wá aya. Mo ra abọ́ amọ̀ kan láti Ìpetumodù, ìlú tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ooru kì í tètè kúrò nínú rẹ̀, ó wúwo dáadáa nílẹ̀, kò nílò òṣùká. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí a kò fi nǹkan dídán bò máa ń mu omi ju igbá lọ. Láàárín oṣù díẹ̀ ọṣẹ ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń rùn, ó sì là lọ́jọ́ kan tí mo da omi gbígbóná sí i ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Mo gbìyànjú abọ́ àlùmíníọ̀mù. Ọṣẹ dúdú ni mo ń lò jù, èyí tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè. Eérú yẹn mú. Àlùmíníọ̀mù kò sì lè bá a gbé. Kò pẹ́ tí inú abọ́ fi dúdú, tí ìfófó fi ń jáde ní àwọ̀ eérú. Ta ló máa jẹ́ kí n fi irú ìyẹn kùn ún lójú? Rọ́bà fúyẹ́ jù. Ó máa ń sá nílẹ̀ bí a bá ń po ọṣẹ, ọ̀rá sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ni abọ́ rọ́bà yọ̀ lórí tábìlì nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ọwọ́ kan pò ó, tó di abẹ mú ní ọwọ́ kejì. Ó fẹ́ gbá abọ́ mú, abẹ sì ya etí oníbàárà. Ọgbẹ́ náà kò jìn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: ọwọ́ tó ń po ọṣẹ kò gbọdọ̀ mọ ibi tí abẹ wà.

Tánganran ni mo wá fẹ́. Abọ́ tánganran funfun tó ní etí búlúù, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń bu ẹ̀kọ. Mo rà á ní Gbági. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìkúùkù mi, ìdí rẹ̀ tẹ́jú, a lè da omi tó ń hó lé e lórí láì bẹ̀rù, funfun rẹ̀ sì ń tú àṣírí: bí ẹyọ irun ẹni tó lọ bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ẹni tó dé á rí i. Mo fẹ́ràn abọ́ tó lè tú mi láṣírí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Abọ́ funfun fún oníbàárà ní ohun tí ojú rẹ̀ lè ṣọ́. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tó ní ni pé bó bá já bọ́, tánganran á bó, irin abẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà. Ọjọ́ tó bá ti bó ni kó lọ sí ilé adìẹ.

Olùkọ́ kan wà tí mo ń bá fá irùngbọ̀n nígbà náà. Gbogbo ọrùn rẹ̀ ló kún fún kókó wẹ́wẹ́, tó ń yún un, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Agolo mílíìkì ló fi ń po ọṣẹ nílé, ọṣẹ ìfọṣọ ló sì ń lò. Ó gbọ́ pé tánganran mi dára, ó ra irú rẹ̀, ó gba ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ mi, ó ń fojú sọ́nà fún ìwòsàn. Ara tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n irun àwa adúláwọ̀ ká. Bí a bá fá a mọ́lẹ̀ jù, orí irun náà á padà gún awọ láti wọlé, ibẹ̀ á sì wú. Abọ́ kankan kò lè yí irun padà. Ohun tó wò ó sàn ni pé mo ní kó má ṣe fá a mọ́lẹ̀ mọ́, kó máa tẹ̀lé bí irun ṣe sùn, kó fi díẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí ẹni tó bá gbọ́ mi lè rò pé mo ń ta abọ́ bí ẹni ta àgbo. Abọ́ tó dára ń fún ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ láyè ni. Kì í rọ́pò rẹ̀.

Ọdún 1986 ni wọ́n kéde àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Éèdì mú ní Nàìjíríà. Àwa onígbàjámọ̀ kò kà á sí púpọ̀. Ọ̀rọ̀ òkèèrè ló jọ létí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn náà ló pa á, ṣọ́ọ̀bù mi dá wáí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó wá ń bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Abẹ ta ni èyí? Ta lẹ fi fá kí n tó dé? Ẹ̀rù tó tọ́ ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ ojú abẹ lè gbé kòkòrò náà láti ara kan sí òmíràn. Ìfófó inú abọ́ kọ́ ni ewu rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n èèyàn tó bá ń bẹ̀rù kì í ya abọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára abẹ. Ìgbà náà ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í mú abẹ wọn wá fúnra wọn nínú ọ̀rá. Ọkùnrin kan tilẹ̀ mú abọ́ tirẹ̀ wá pẹ̀lú, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí abọ́ náà pẹ̀lú ọ̀dà. Àwọn tó jókòó fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọkùnrin yẹn ti padà sí ohun tí àwọn àgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwa onígbàjámọ̀ ìgboro gbàgbé nítorí pé ọjà pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Nítorí pé níbi tí orí bá ti ṣe pàtàkì jù, kò sí ẹni tó ń lo abọ́ gbogbo ayé. Bí ìyá bá gbé ọmọ Dàda wá kí a fá a, ìkòkò tàbí igbá tuntun ni wọ́n ń gbé dání. Irun náà àti omi tí wọ́n fi fá a, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀, wọ́n á máa bù níbẹ̀ fi wẹ ọmọ bí ara rẹ̀ kò bá dá. Mo ti fá Dàda lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó jẹ́ kí abọ́ ṣọ́ọ̀bù mi sún mọ́ ọmọ náà, èmi náà kò sì dábàá rẹ̀. Láyé ọ̀gá mi, bí ọkùnrin bá kú, wọ́n máa ń fá orí rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ lọ sílé ìkẹyìn. Igbá ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá mi máa ń gbé lọ, òfin rẹ̀ sì ni pé igbá tó bá fá òkú kò gbọdọ̀ padà wá sórí òòyẹ̀; ó máa ń fọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ilé olókùú, á sì rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọwọ́ òfìfo. Orí àwọn ìlàrí Aláàfin láyé àtijọ́ náà, tí wọ́n máa ń fá apá kan rẹ̀ tí wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó rán wọn, kì í ṣe orí tí a ń fá bákan ṣáá.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ sọdá òkun. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Brazil, bí wọ́n bá fẹ́ gbé òrìṣà lé ẹnì kan lórí títí di òní, wọ́n máa ń fá orí rẹ̀, wọ́n á sì fi omi ewé wẹ̀ ẹ́. Omiero ni wọ́n ń pe omi náà ní Kúbà. Omi ẹ̀rọ̀ ni. Wọ́n lè gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú èdè wa, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé pé abẹ kì í dé orí kí omi má ti dé ibẹ̀.

Kílípà ló wá gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Leo Wahl, ló wá ìwé àṣẹ fún irú èyí tó ń lo iná mànàmáná ní ọdún 1919, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, eré ló sá wọlé. Mi ò ní bú u. Àwọn ọmọdé tó máa ń sunkún bí wọ́n bá rí abẹ, wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kì í mọ́lẹ̀ dé awọ, nítorí náà kókó ọrùn dín kù. Èmi náà ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irun gbígbẹ ni kílípà ń fẹ́. Ibi tí omi kò bá ti sí, abọ́ kò ní iṣẹ́, ibi tí abọ́ kò bá sì ti sí, ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a fi ń dúró de ọṣẹ ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni àwọn èèyàn fi ń sọ fún mi pé ìyàwó àwọn bímọ, pé wọ́n dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé orí ń fọ́ àwọn láti ìjẹta. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan fún orí fífá. Bí mo ṣe ń po ọṣẹ, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kú lóru. Ká ní kílípà ni mo mú, irun ì bá ti balẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀. Nísinsìnyí, ìfófó inú agolo wà tí a kàn ń tẹ̀ lórí, á tú jáde tútù, funfun, púpọ̀. Ó ti ṣe tán kí oníbàárà tó jókòó tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Agbára wà nínú agolo yẹn, mo gbà. Ẹ̀sọ̀ ni mi ò rí níbẹ̀.

Oníbàárà mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló sọ ìtàn kan fún mi láti inú ìwé Cervantes, ọmọ Sípéènì, tó jáde ní 1605. Bábà kan ń lọ lọ́nà, òjò dé, ó gbé abọ́ idẹ rẹ̀ dé orí. Don Quixote, akọni inú ìwé náà, rí i lókèèrè, ó ní àṣíborí wúrà ti jagunjagun ńlá kan ni, ó sì fi ọ̀kọ̀ lé bábà títí tó fi gbà á. Wọ́n sọ fún un pé abọ́ bábà lásán ni, kò gbà. Olùkọ́ náà sọ ọ́ láti fi ìwà ẹni tí orí rẹ̀ ti yí hàn mí. Èmi rí ohun mìíràn níbẹ̀. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní àkúfọ́, wọn á bá a fi kólẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìtàn yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo ló pe abọ́ bábà ní ohun iyebíye. Bábà fúnra rẹ̀ ju ú sílẹ̀, ó sá lọ.

Ní ọjọ́ kejì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè abọ́, mo ránṣẹ́ pè é. A jọ lọ sí Gbági. Mi ò bá a yàn. Mo ní kó ki ọwọ́ bọ inú abọ́, kó di ìkúùkù, kó yí i. Ó gbé mẹ́rin sílẹ̀ kó tó mú ọ̀kan, ó wá mú irú rẹ̀ márùn-ún sí i, ó ní kí ọ̀kan lè wà nínú omi gbígbóná nígbà tí òmíràn bá wà lọ́wọ́. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó yọ ọ̀kan nínú kílípà méjèèjì kúrò nínú ìwé rẹ̀ kí owó lè tó. Lẹ́yìn náà ó béèrè ibi tí òun ti lè rí omi òjò gbà, nítorí ó ti dán ọṣẹ dúdú wò nínú omi kànga ilé wọn, kò hó. Mo fún un ní kẹ́ẹ̀gì méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí àga wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fá, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kàn fẹ́ gẹrun, ẹ ní kí bábà gbé abọ́ rẹ̀ wá kí ẹ wò ó nínú. Bí kò bá ní, ẹ mú tiyín wá láti ilé. Tánganran funfun tí kò bó, tí ìkúùkù yín lè yí nínú rẹ̀, ti tó. Ẹ kọ orúkọ yín sí ìdí rẹ̀.